Bàbá ọmọ tún di ọmọ ilé-ẹ̀kọ́: ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún àwọn bàbá tó fẹ́ padà sídìí ìwé

Bí aago méje alẹ́ bá ti ń lọ lù ní Kétu, àwọn oníṣòwò a ti máa di ẹrù wọn sẹ́yìn zẹ́mì, wọn a máa lọ sílé. Àsìkò yẹn gan-an ni gbẹ́nàgbẹ́nà kan máa ń gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lára, tí yóò pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì, tí yóò sì ki ìwé méjì àti bíìkì kan sínú àpò. Kì í ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ ló ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òde ìnáwó. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń lọ. Ọmọ ọdún 46 ni, bàbá ọmọ mẹ́rin, ó sì ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó ní kí a má dárúkọ òun. Ojú kò ti í, ó kàn ní àwọn oníbàárà kan wà tí wọn yóò máa pe òun ní "akẹ́kọ̀ọ́" títí wọn yóò fi gbàgbé owó tí wọ́n jẹ òun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a tẹ̀lé e dé kíláàsì. Yàrá kan ni wọ́n ń lò nínú ilé tí wọn kò tíì kùn: bẹ́ǹṣì mẹ́fà, pátákó dúdú kan, gílóòbù kan. Akẹ́kọ̀ọ́ 11 la bá níbẹ̀, ọkùnrin 7, obìnrin 4. Nínú àwọn ọkùnrin 7 yìí, 6 ló ti bímọ. Olùkọ́ wọn jẹ́ ọmọ ọdún 26, ó ń kọ́ni ní CEG kan lọ́sàn-án. Bí ó ti wọlé, gbogbo wọn dìde, wọ́n ní, "Ẹ káalẹ́, Ọ̀gá." Òun náà tẹ̀ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá." Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá ṣi ìṣirò ṣe, olùkọ́ kì í bá a wí bí ẹni ń bá ọmọdé wí, yóò ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìlà kejì wò." Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ ilé rẹ̀ wá, ìbáà jẹ́ bàbá, ìbáà jẹ́ ìyá, iwájú pátákó ni yóò ti ṣe é lójú gbogbo èèyàn.

Ẹni tó bá ti tó 45 ọdún ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kò ní gbàgbé ọdún 1989. Owó tán lápò ìjọba, owó oṣù kò jáde, àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ọdún ẹ̀kọ́ náà sì ṣòfò, èyí tí wọ́n ń pè ní ọdún funfun. Gbẹ́nàgbẹ́nà wa wà ní CM1 nígbà náà, ọmọ ọdún 10 ni. Bàbá rẹ̀ ní kí ló dé tí ọmọ yóò fi jókòó sílé lásán. Ó mú un sọdá ẹnubodè lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun ní Abẹ́òkúta kí ó lọ máa bá a ṣoko. Láti inú oko ló ti bọ́ sídìí iṣẹ́ igi. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ tún ṣí ní Kétu, kò sí ẹni tó rántí pé ó yẹ kí ọmọ náà padà wálé. Ọdún 14 ló lò lọ́hùn-ún kó tó dé.

Irú rẹ̀ pọ̀ ní agbègbè wa. Ọ̀pọ̀ bàbá ni wọ́n mú kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ sóko, lọ sídìí iṣẹ́ ọwọ́, tàbí lọ sí Nàìjíríà, nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́. Láti 2006 ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ti di ọ̀fẹ́ ní ilẹ̀ wa. Àwọn ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà yìí jẹ àǹfààní yẹn. Òun kò jẹ ẹ́.

Ohun tó lé e padà sídìí ìwé kì í ṣe ìfẹ́ ìwé lásán, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ló ní kí ó bá àwọn kan bẹ́ǹṣì 60. Wọ́n mú ìwé àdéhùn wá, ó gbé e fún aládùúgbò kan tó gbọ́ Faransé, onítọ̀hún kà á, ó ní ó dára. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tó kó bẹ́ǹṣì dé ibẹ̀, wọ́n ní òun ni yóò san owó ọkọ̀, àti pé ìdajì owó iṣẹ́ yóò dúró di ìparí ọdún. Ó ní wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ó wo ojú ìwé kejì. "Mo wo ojú ìwé kejì," ó sọ fún wa, "ohun tí mo rí níbẹ̀ kò ju ìlà dúdú dúdú lọ. Aládùúgbò mi kò ka ojú ìwé yẹn rárá. Kò mọ̀ pé ó ní ẹ̀yìn." Kò jà. Ó gbé igi tó kù wálé. Lóṣù kejì ló lọ bá olùkọ́ kan pé báwo ni àgbàlagbà ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Èyí ni ìbéèrè tí àwọn bàbá ń bi wá jù láti ìgbà tí a ti ń rìn káàkiri fún ìròyìn yìí: báwo ni àgbàlagbà ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Ibo ni wọ́n ti ń gbà á? Ṣé wọn kò ní lé e?

Wọn kò ní lé e. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ gbà kí àgbàlagbà jókòó ṣe ìdánwò CEP, BEPC àti BAC láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní candidat libre. Ìbéèrè kan náà ni wọn yóò bi í pẹ̀lú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ọjọ́ kan náà, yàrá kan náà nígbà mìíràn. Ìwé ẹ̀rí tí yóò gbà kò yàtọ̀ sí ti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rárá. Bí ó ṣe mọ ìwé náà ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀: ó lè lọ sí ẹ̀kọ́ alẹ́, ó lè bẹ olùkọ́ kan kí ó máa wá sílé, ó lè máa kà á pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni gbẹ́nàgbẹ́nà fi kọ́ ẹ̀kọ́ CM1 àti CM2 lálẹ́, nítorí pé ó ń sá wọ̀, ó ń sá jáde, bí iṣẹ́ bá ti pọ̀. Ọmọ ọdún 41 ni nígbà tó ṣe CEP. Ó ní lọ́jọ́ ìdánwò, alábòójútó ẹnu ọ̀nà dá òun dúró: "Bàbá, ìta ni àwọn òbí ń dúró sí o." Ó mú ìwé ìpè rẹ̀ jáde láti inú àpò, ó fi hàn án. Ọkùnrin náà wo fọ́tò, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo fọ́tò, ó wá ní, "Ẹ wọlé, bàbá. Ẹ má bínú." Nígbà tí èsì jáde, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní ọjọ́ yẹn ni òun kọ́kọ́ rí orúkọ òun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri fún ohun rere.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ìyàwó rẹ̀, nítorí bí a kò bá sọ ọ́, ìròyìn yìí kò pé. Gàrí ló ń tà. Ó sọ fún wa pé ní ìbẹ̀rẹ̀, òun kò gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ọkọ òun ń lọ. "Ọkùnrin tó ti lé ní 35, tó ń wẹ̀ lálẹ́, tó ń pààrọ̀ aṣọ, tó ń jáde lójoojúmọ́. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò." Ó tẹ̀lé e lálẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró lẹ́yìn fèrèsé. Ó bá a níbi tó ti ń ka ìwé sókè pẹ̀lú àwọn mìíràn bí ọmọ CI. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì padà sílé láìsọ nǹkan kan. Oṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tí iṣẹ́ igi dá, inú àjọ rẹ̀ ló ti yọ 5 000 fáráǹkì tí wọ́n ń san fún kíláàsì lóṣù. Òun ló ń gbọ́ tẹnu àwọn oníbàárà tó bá wá kan ilẹ̀kùn lálẹ́. Òun ló ń bójú tó ọmọ kékeré tí ara rẹ̀ kò bá yá. A bi í bóyá òun náà kò fẹ́ kàwé. Ó ní, "Kí ó ṣe tirẹ̀ tán ná. Àwa méjèèjì kò lè jọ jáde nílé lálẹ́." A kọ èsì yìí sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́. Ó yẹ kí bàbá tó ń ka ìròyìn yìí, tó sì ń gbèrò àtilọ, kọ́kọ́ bá ìyá àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí.

BEPC le ju CEP lọ, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ohun kan tún wà tó ń mú àwọn bàbá ṣubú tí wọn kì í mọ̀. Láti 1999 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ètò ẹ̀kọ́ padà láti CI, ó sì gòkè dé kọlẹ́ẹ̀jì lẹ́yìn náà. Bí wọ́n ṣe ń béèrè ìbéèrè yàtọ̀ sí ti ìgbà tí àwọn bàbá wà ní kíláàsì. Gbẹ́nàgbẹ́nà wa ra ìwé àlòkù lọ́jà, ìwé tó nípọn, ó sì fi oṣù mẹ́rin ka gbogbo rẹ̀ kó tó di pé olùkọ́ rí i lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé àtijọ́ ni. Bí ẹ bá fẹ́ ra ìwé, ẹ kọ́kọ́ wo èyí tí àwọn ọmọ CEG ń lò lọ́dún yìí, kí ẹ sì wá ìdánwò ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn tí wọ́n ń dì pọ̀ tà. Ìyẹn wúlò ju ìwé ńlá lọ.

Ìdánwò eré ìdárayá tún wà, tí ọ̀pọ̀ bàbá kò rántí. Nínú BEPC àti BAC, èèyàn yóò sáré, yóò fò, yóò ju irin, wọn yóò sì fún un ní máàkì. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá lè gba ìwé lọ́wọ́ dókítà kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó gbà á kí ọjọ́ tó pé. Gbẹ́nàgbẹ́nà kò gba ìwé kankan. Ó lọ. Nígbà tó kan eré sísá, àwọn ọmọ tó wà lẹ́bàá pápá ń pariwo, "Bàbá, ẹ rọra o!" Òun ló gbẹ̀yìn. Nígbà tó wá kan irin jíjù, ó gbé irin náà bí ẹni gbé òòlù, ó jù ú kọjá ti gbogbo wọn. Ó ní àwọn ọmọ náà pàtẹ́wọ́ fún òun. Ohun kan tún ràn án lọ́wọ́: èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 14 ní Abẹ́òkúta kò lọ lásán. Olùkọ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́ ti gáréèjì, ṣùgbọ́n ó ń dáhùn ìbéèrè.

Ní oṣù kẹfà tó kọjá, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ jọ ṣe BEPC. Ọmọ náà yege. Bàbá gba 8,6 nínú 20, bẹ́ẹ̀ 10 ni wọ́n ń wá. Ìṣirò àti físíìsì ló fà á sẹ́yìn. A bi í bó ṣe rí lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní inú òun dùn fún ọmọ òun, òun sì ra adìẹ, wọ́n pa á, wọ́n jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù, òun kò jáde títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kì í ṣe gbogbo bàbá ni yóò gba ọ̀nà CEP sí BEPC. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, a bá ọkùnrin kan tó ń ra kájú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Kò dé kíláàsì rí láyé rẹ̀. Lọ́dọọdún ni ìjọba máa ń kéde iye tí owó kílò kájú kò gbọdọ̀ wálẹ̀ jù, tí wọ́n á sì kọ ọ́. Ẹnu àwọn ẹlòmíràn ló ti máa ń gbọ́ ọ. Ó lọ sí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní èdè Yorùbá, ní báyìí ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ orúkọ àgbẹ̀, kílò, àti gbèsè sí. Ó fi hàn wá. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni a lè kà. Ó ní àgbẹ̀ kan bá òun jiyàn kílò lọ́dún tó kọjá, òun ṣí ìwé náà, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ohun kan ń da àwọn tó ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí láàmú, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Álífábẹ́ẹ̀tì tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí fún èdè wa ń lo ɛ àti ɔ, ó ń lo sh àti kp, nígbà tí Bíbélì àti ìwé tó ń ti Nàìjíríà wá ń lo ẹ, ọ, ṣ àti p. Ohùn kan náà ni. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan, ìrọ̀lẹ́ méjì tó fún un láti mọ èkejì. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé èyí tí ẹ mọ̀ kì í ṣe Yorùbá.

Ní Pọ̀bẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 23 ló ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Bàbá ni òun náà, ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Irú wọn ni a máa ń gbàgbé tí a bá ń sọ̀rọ̀ bàbá. Fún wọn, ìwé ẹ̀rí méjì wà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2005: CQP àti CQM. CQP wà fún ọmọ iṣẹ́ tó ti kàwé díẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, ọjọ́ tó kù lọ́dọ̀ ọ̀gá, fún ọdún mẹ́ta. CQM ni ti ẹni tó ń parí iṣẹ́ kíkọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọn yóò dán wò, ó sì lè fi èdè ìbílẹ̀ ṣàlàyé ohun tó ń ṣe. Fírídọ́ọ̀mù tí a mọ̀, ti ọtí àti àwẹ̀jẹ-wẹ̀mu, kò ní ìwé tí ìjọba mọ̀. CQM ní. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní tí òun bá gbà á tán, òun yóò ṣe fírídọ́ọ̀mù náà, nítorí ìyá òun ti ra aṣọ.

Àgbẹ̀ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní ọ̀nà tuntun ní Songhaï ní Àjàṣẹ́, ibi tí Bàbá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ wà níbẹ̀, èyí tí ó ṣòro fún bàbá tó ní ilé láti bójú tó. Kí ó béèrè èyí tí kì í pẹ́.

Ní Àjàṣẹ́ kan náà, a pàdé ọlọ́zẹ́mì kan nínú Ilé Ìkàwé Ìjọba ní Ouando. Ó gbé zẹ́mì rẹ̀ sábẹ́ igi, ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ sórí rẹ̀, ó wọlé lọ kàwé fún wákàtí méjì, nígbà tí oòrùn mú tí èrò kò sí. BEPC rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ láti 2003. BAC G2 ló ń lé, nítorí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó. Ó ní nínú gbogbo ibi tó mọ̀ ní Àjàṣẹ́, ibẹ̀ nìkan ni èèyàn lè jókòó sí tí ẹnikẹ́ni kò ní ní kí ó ra nǹkan.

Ẹni tó bá rí BAC gbà, ọ̀nà yunifásítì ṣí. Abomey-Calavi wà, Parakou wà, ti iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kétu ní 2013 náà wà. Ọ̀pọ̀ bàbá ló ń lọ sí ti aládàáni, nítorí ẹ̀kọ́ alẹ́ àti ti ọjọ́ Sátidé. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè bóyá ìjọba fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé hàn yín. Ẹni tó bá sọ pé òun yóò bá yín ra ìwé ẹ̀rí láìṣe ìdánwò, ẹ̀wọ̀n ló ń tà fún yín.

Ní 2018, Ọbásanjọ́, tó ti jẹ ààrẹ Nàìjíríà, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì NOUN, nígbà tó ti tó ẹni 80 ọdún. Àwọn èèyàn máa ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Àpẹẹrẹ rere ni. Ṣùgbọ́n Ọbásanjọ́ kò ní zẹ́mì láti gùn kó tó jẹun alẹ́.

Fún àwọn òǹkàwé wa ní Tógò, ní Atakpamé àti ní Kambolé: CEPD ni wọ́n ń pe CEP lọ́dọ̀ yín, BAC yín sì pín sí apá méjì. Bàbá tó bá ń gbèrò rẹ̀ níbẹ̀ yóò mọ̀ pé ìdánwò méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé, èyí tó ń dá àwọn bàbá padà ju ìṣirò lọ. Láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, ẹ nílò ìwé ìbí, nọ́ńbà NPI, fọ́tò, àti ìwé ẹ̀rí tí ẹ ti gbà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá ni a kò bí sí ọsibítù. Ìwé wọn sọ pé a bí wọn "ní nǹkan bí" ọdún báyìí. Àwọn mìíràn kò ní ìwé ìbí rárá, ilé ẹjọ́ ni yóò ṣe ìdájọ́ tó máa rọ́pò rẹ̀ fún wọn. Èyí tó burú jù ni ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ rí báyìí lórí ìwé kan, tó rí bẹ́ẹ̀ lórí òmíràn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gbẹ́nàgbẹ́nà nìyẹn. Nígbà ìkànìyàn RAVIP, ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé. Lórí ìwé ìbí, oríkì ni wọ́n kọ. Ọdún kan ló sì wà láàárín ọjọ́ ìbí méjèèjì. Wọ́n rán an lọ, wọ́n rán an bọ̀, ọ́fíìsì kan sí òmíràn, oṣù márùn-ún. Ọdún yẹn ló yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣe BEPC. Kò ṣe é. Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ ẹ̀yin bàbá ni pé, kí ẹ tó ra ìwé kankan, kí ẹ tó san owó kíláàsì kankan, ẹ kó gbogbo ìwé yín jáde sórí ẹní, kí ẹ sì wo orúkọ àti ọjọ́ ìbí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ pe ọmọ yín. Bí wọ́n bá yàtọ̀ síra, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé ni ìforúkọsílẹ̀ ń wáyé. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí mángòrò pọ́n ti pẹ́. Dírẹ́kítọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó sún mọ́ yín yóò júwe ọ̀nà fún CEP, ti CEG yóò júwe ti BEPC. Wọn kì í gba owó láti dáhùn ìbéèrè.

Lójú tiwa, ohun tó kù díẹ̀ káàtó jù ni yàrá. Àwọn bàbá láti Idigny àti Adakplamè tó bá fẹ́ ẹ̀kọ́ alẹ́ gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà wá sí Kétu, kí wọ́n sì padà lóru. Bẹ́ẹ̀, ní abúlé lọ́hùn-ún, kíláàsì wà, bẹ́ǹṣì wà, pátákó wà, gbogbo wọn ni wọ́n ń tì pa láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ wà níbẹ̀ tí ń gbé inú abúlé. Kọ́kọ́rọ́ àti iná sólà kan ni ìyàtọ̀. A rò pé mẹ́rì lè ṣe èyí láìwá owó láti Kútọnu.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń kó ìwé jọ fún ìdánwò tó ń bọ̀. Orúkọ ti dọ́gba báyìí, ọjọ́ ìbí ti dọ́gba. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti kọjá sí kíláàsì tó tẹ̀ lé e, ó sì ti fi ìwé ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú àmì pupa níbi tí ó ti rò pé bàbá òun yóò ti ṣì í. Fọ́tò nìkan ló kù. Nígbà tí a ń dágbére, ó bi wá bóyá irun òun ti funfun jù fún fọ́tò ìdánwò. Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn láti inú ilé pé kí ó lọ ya fọ́tò rẹ̀, kí ó má fi fìlà sórí, nítorí àwọn onífọ́tò yóò ní kí ó ṣí i.